Ìwọ̀n àti Àkókò: Ẹ̀rí Jíìnì MECP2 lórí Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Dàgbà

Jíìnì kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn. Ohun tó mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọpọlọ ni jíìnì tó ń ṣiṣẹ́, èyí tí a pa lẹ́nu mọ́, àti bí iṣẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. A sábà máa ń rí ìṣàkóso yìí bí iṣẹ́ inú oyún, tó parí bí a bá ti bí ọmọ tán. Èrò tèmi ni pé kì í parí. Nínú niúrọ́nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ, àbójútó jíìnì kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà. Jíìnì MECP2 ni ẹ̀rí mi.

Ní 1966, Andreas Rett, dókítà ọmọdé ní Vienna, kọ̀wé nípa àìsàn tó wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ń mú nǹkan bí ọmọbìnrin 1 nínú 10,000. Ọmọ náà á kọ́kọ́ dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín oṣù 6 sí 18 ìdàgbàsókè rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti mọ̀ á lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè di nǹkan mú dáadáa mọ́, á kàn máa fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ní 1992, Adrian Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh ṣàwárí MeCP2, púrótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí àmì mẹ́tílì bá wà lára DNA, tó sì ń dín iṣẹ́ jíìnì kù. Ní 1999, yàrá ìwádìí Huda Zoghbi ní Houston fi hàn pé àbùkù jíìnì MECP2, èyí tí ara fi ń ṣe púrótéènì náà, ló ń fa àìsàn Rett.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ti àkókò. MeCP2 kò pọ̀ nínú niúrọ́nù tí kò tíì gbó. Bí niúrọ́nù ṣe ń gbó ló ń pọ̀ sí i. Abájọ tí àìsàn náà kò fi hàn lọ́jọ́ ìbí. Àwọn niúrọ́nù ọmọ náà kò kú, wọ́n sì dé àyè wọn. Gbígbó ni wọn kò gbó dáadáa. Wọ́n kéré, ẹ̀ka wọn kò sì pọ̀ tó.

Ẹ̀rí kejì ni ti ìwọ̀n. Ní 2005, àwọn olùwádìí ṣàlàyé àìsàn àwọn ọmọkùnrin tí MECP2 wọn di méjì dípò ẹyọ kan. Iṣan wọn dẹ̀, ẹ̀kọ́ ṣòro fún wọn, wárápá ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni: àìtó rẹ̀ kò dára, àpọ̀jù rẹ̀ kò ṣe é jẹ.

Ẹ̀rí kẹta ló lágbára jù. Ní 2007, ẹgbẹ́ Bird dínà MECP2 nínú eku láti inú oyún, wọ́n sì dúró títí àìsàn fi hàn lára àwọn eku náà kí wọ́n tó tú jíìnì náà sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ lójijì, àwọn eku kan kú; níbi tí wọ́n ti ṣe é díẹ̀díẹ̀, ara eku tó ti dàgbà padà bọ̀ sípò. Ní 2011, yàrá Zoghbi ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n jẹ́ kí eku dàgbà pẹ̀lú ìlera, wọ́n wá yọ jíìnì náà, irú àìsàn kan náà sì dé.

A lè sọ pé eku kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Ọpọlọ ọmọ ènìyàn ń pẹ́ kó tó gbó, àtúnṣe tó bá sì falẹ̀ lè má dá gbogbo ohun tó sọnù padà. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwòsàn lè dé ni àtakò yìí kàn. Kò fi hàn pé inú oyún ni iṣẹ́ jíìnì náà parí sí.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ fún òbí pé ohun tó bá ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ wọn ti kọjá àtúnṣe. Kò sì tọ́ kí a rò pé fífi jíìnì tó pé kún ti ọmọ náà nìkan yóò yanjú ọ̀rọ̀. Orí kírómósómù X ni MECP2 wà, sẹ́ẹ̀lì ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan sì máa ń pa ọ̀kan nínú X méjì rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Nínú ọpọlọ kan náà, niúrọ́nù tí MeCP2 rẹ̀ pé ń bá èyí tí kò ní MeCP2 tó pé gbé. Oògùn tó bá pín jíìnì náà fún gbogbo wọn lọ́gbọọgba lè wo èyí tí kò ní, kó sì ṣe èyí tó ti ní tó lọ́ṣẹ́.