Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú "The House of the Rising Sun"?

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ Newcastle tó ń jẹ́ The Animals ti gbé "The House of the Rising Sun" jáde lọ́dún 1964 làwọn èèyàn ti ń wá ilé inú orin náà kiri New Orleans. Àwọn kan ní ilé aṣẹ́wó ni, àwọn kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin ni, àwọn mìíràn ní ilé tẹ́tẹ́ ni. Lójú tèmi, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, ká tó wá ilé. "Èmi" ni olórin ń pe ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, "èmi" kò sì yàtọ̀ lẹ́nu ọkùnrin àti obìnrin, ì báà jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tàbí lédè tiwa. Ohun tó ń tú àṣírí ni bóyá ọmọbìnrin ni wọ́n ní ilé náà ń bà jẹ́ tàbí ọmọkùnrin.

Nígbà tí Robert Winslow Gordon tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé ìròyìn Adventure lọ́dún 1925, ọmọbìnrin ni. Lọ́dún 1937, Alan Lomax gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ sí Middlesboro ní Kentucky. Georgia Turner, ọmọ ọdún 16, ló kọ ọ́ fún un, obìnrin náà ló sì ń sọ̀rọ̀. Kódà Bob Dylan, tó kọ ọ́ sínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1962, ohùn obìnrin ló fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Lẹ́nu Dylan, ìyá olórin ń ránṣọ, ó rán ṣòkòto jíǹsì tuntun fún ọmọ rẹ̀. Olólùfẹ́ ọmọ náà ló ń ta tẹ́tẹ́. The Animals fi ìyá àti ṣòkòto síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ atatẹ́tẹ́ náà di bàbá. Ọkùnrin tó mú ọmọbìnrin ṣìnà pòórá nínú ìtàn, ó wá ku ọmọkùnrin tó ń tọ ipasẹ̀ bàbá rẹ̀. Àbúrò obìnrin tí Dylan ń kìlọ̀ fún náà kò sí mọ́. Àwọn abiyamọ ni wọ́n ń bẹ̀ báyìí pé kí wọ́n kìlọ̀ fọ́mọ wọn. Kí ló wá kù tó fẹ́ jẹ́ kí ilé náà dà bí ilé aṣẹ́wó?

Ẹnìkan lè ní Clarence Ashley àti Gwen Foster ti ṣàwo rẹ̀ lọ́dún 1933, ṣáájú Turner, àti pé ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ashley tiẹ̀ ní ọ̀dọ̀ bàbá ìyá òun lòun ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ṣàwo orin kọ́ ni ọdún tí wọ́n bí i, ìwé Gordon sì fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ashley. Orin tí kò lólówó báyìí, ẹnu tó bá bá a ló ń pa á láró.

Ní ti ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ní Conti Street, níbi tí ilé ìtura kan tó ń jẹ́ Rising Sun ti jóná lọ́dún 1822, ìkòkò àtíkè ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí táwọn kan rí bí ẹ̀rí pé ilé aṣẹ́wó ni. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ló wà láàárín iná náà àti ìwé Gordon, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lára ilé ọtí ní Ìlú Ọba.

Àwọn tó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni gbára lé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí olórin ní òun ń padà lọ wọ̀. Ẹ wo bó ṣe dúró ná: ẹsẹ̀ kan wà lórí pèpéle ibùdókọ̀, èkejì ti wọ inú ọkọ̀ ojú irin. Ọlọ́pàá kankan kò dì í mú.