Ọkọ̀ Onígbòkun Àwọn Apẹja Ceará

Ní Ceará, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsíl, jangada ni ọkọ̀ tí àwọn apẹja fi ń wọ òkun. Láyé àtijọ́, ìtì igi fífúyẹ́ bíi mẹ́fà ni a máa ń so pọ̀, tí a fi òpó kan àti ìgbòkun onígun mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn tí ń fi ẹ̀mí wewu lórí rẹ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń ni ín. Olówó ọkọ̀ a gba ìdajì ẹja. Àwọn atukọ̀ a pín ìdajì tó kù. Bí òkun bá sì gbé ọkùnrin lọ, aya àti ọmọ rẹ̀ di aláìní.

Ìyà yìí ni ó mú kí apẹja mẹ́rin gbéra ní Fortaleza ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941. Manoel Olímpio Meira, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Jacaré, ni olórí wọn. Láìsí ẹ̀rọ, láìsí kọ́ńpáàsì, wọ́n fi ọjọ́ 61 dé Rio de Janeiro, olú-ìlú ìgbà náà, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn fún Ààrẹ Getúlio Vargas. Ìjọba sì fọwọ́ sí òfin pé kí àwọn apẹja bọ́ sábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ojú òkun.

Jacaré kò pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1942, níbi tí Orson Welles ti ń ya ìrìn àjò náà sí fíìmù, òkun Rio gbé e lọ.

Irú ọkọ̀ yìí kan náà ni àwọn baba wọn kọ̀ láti fi kó ẹrú ní èbúté Fortaleza ní 1881, ọdún mẹ́ta kí Ceará tó fòpin sí òwò àti ìmúnisìn ẹrú. Igi lásán ni jangada, ṣùgbọ́n ẹnu tálákà ni.