Àwọ̀ Ìyeyè Tàbí Àwọ̀ Erùpẹ̀? Ìtàn Ìlẹ̀kẹ̀ Méjì Inú Ìdè Ifá

Ọ̀rọ̀ ìdè Ifá la fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọmọ awo kan láti Kúbà bá na ọwọ́ òsì rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè la ó rí níbẹ̀, tí wọ́n sín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn. Bí babaláwo ọmọ Ifẹ̀ bá na tirẹ̀, àwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ dà bí erùpẹ̀ ilẹ̀ pupa tó ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń bá àwọ̀ ewé jà. Èkejì yìí ni wàhálà wà.

Wàhálà náà kì í ṣe kékeré o. Láti ìgbà tí àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìṣẹ̀ṣe àti òrìṣà ti wáyé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981, àwa tilé àti àwọn tòkè òkun ti ń rí ara wa lójúkojú dáadáa, a sì ti ń wo ọwọ́ ara wa. Àwọn kan nílé a máa sọ fún àlejò pé ìdè ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Ifá, kó já a dànù. Àwọn kan lókè òkun náà a sì máa sọ pé tiwa ló ti ṣá. Ìdè tí olúwo ẹni fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ni lọ́wọ́, ta ló yẹ kó já a nítorí àwọ̀? Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kan òwú, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ná.

Nílé níbí, òtútù àti ọ̀pọ̀n là ń pe ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì. Ẹ fetí sí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ewé tútù, ilẹ̀ tútù, ẹran tútù: ohun tí oòrùn tàbí iná kò tíì fọwọ́ kàn là ń pè bẹ́ẹ̀. Ipò tí nǹkan wà ni orúkọ náà ń sọ, kò dárúkọ àwọ̀ kankan. Nígbà tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wá ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì yìí ló bá lọ́wọ́ àwọn babaláwo. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá, tó jáde ní 1969, pé ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé tí kò ṣú, èkejì sì pupa bí erùpẹ̀. Ẹni tó bá ní erùpẹ̀ ni àṣà Ifẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kò parọ́. Àmọ́ ẹ̀rí yẹn kò sọ níbì kankan pé ìyeyè jẹ́ èèwọ̀.

Ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé ojú òyìnbó la fi ń wo àwọ̀. Ní iléèwé, wọ́n kọ́ wa pé yẹ́lò yàtọ̀ sí búráùn, búráùn yàtọ̀ sí rẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n nínú èdè tiwa, orí mẹ́ta ni àwọ̀ dúró lé: funfun, pupa, dúdú. Epo, pupa ni. Osùn, pupa ni. Iyùn ńkọ́? Pupa. Ìyeyè tó ti pọ́n, erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, pupa ni gbogbo wọn; ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni pupa là ń pè é. Dúdú náà gbòòrò bẹ́ẹ̀: èédú wà níbẹ̀, aró wà níbẹ̀, igbó tí ewé rẹ̀ ki, igbó dúdú ni. Bí a bá wá fẹ́ ṣe ìyàtọ̀, a ó fi ohùn kún un: pupa fòò, pupa rúsúrúsú, dúdú kirimú. Ìyeyè àti erùpẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n nígbà náà. Lójú tèmi, ohun tí ìdè Ifá ń béèrè ni kí ìhà dúdú àti ìhà pupa pàdé lórí òwú kan. Bí pupa náà ṣe máa pọ́n tó, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọwọ́ asínlẹ̀kẹ̀ ni.

Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ gan-an mọ̀ pé àwọ̀ kì í dúró sójú kan. Ní Igbó Olókun, níbi tí Leo Frobenius, ará Jámánì, ti walẹ̀ ní 1910, onímọ̀ Abídèmí Babátúndé Babalọlá tún walẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, àti àwókù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ díńgí. Àwọn baba wa ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe díńgí náà nílé, ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó tó kan èbúté wa. Irú sẹ̀gi kan wà tó jẹ́ pé bí a bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, búlúù ni. Bí a bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó di àwọ̀ ewé. Ẹ sọ fún mi, èwo ni ká kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ àwọ̀ rẹ̀?

Kúbà wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú àti lẹ́yìn tó tú. Ọ̀kan nínú wọn ni babaláwo Adéṣínà, tí wọ́n sọ ní Remigio Herrera lọ́hùn-ún. Ó kú ní 1905 ní ìlú Regla, tó kọjú sí Havana lódìkejì omi. Títí dòní, ọ̀pọ̀ babaláwo Kúbà ló ń ka ìran awo wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nílé, ìdílé kan lè máa bọ òrìṣà kan láti ìran dé ìran. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò ní orogún lọ́rùn. Ní Kúbà, gbogbo òrìṣà ló bára wọn nínú yàrá kan ṣoṣo, ọrùn kan sì lè gba ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà márùn-ún lọ́jọ́ kan. Àwọ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ níbẹ̀. Funfun bọ́ sọ́wọ́ Ọbàtálá, pupa àti funfun di ti Ṣàngó, búlúù di ti Yemọja, ìyeyè di ti Ọ̀ṣun, àwọ̀ ewé àti dúdú di ti Ògún. Àwọ̀ erùpẹ̀ tó ṣú díẹ̀, Ọya ló gbà á. Ẹ wá rò ó wò: bí Ọ̀rúnmìlà bá mú erùpẹ̀ níbẹ̀, ojú á máa ṣì í mọ́ ti Ọya. Ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé kò jọ ti òrìṣà mìíràn. Mo gbà pé ohun tó mú ìyeyè fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. Wọn kò sì gbàgbé iṣẹ́ tí ìdè ń ṣe: pé kí Ikú fi mọ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kó yẹ̀ fún un títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Àwọn tó ń so ìyeyè kò sì tíì ráhùn pé Ikú kò mọ àwọn.

Ó wá ku ẹni tó fẹ́ sín ìlẹ̀kẹ̀ lónìí, tí igbá erùpẹ̀ àti igbá ìyeyè jọ wà níwájú rẹ̀. Lórí ìdè fúnra rẹ̀, kò sí ẹjọ́: èyí tí ilé tó tẹ̀ ọ́ ń lò ni kí o lò, má sì já ti ẹlòmíràn. Àpò Ifá, fìlà, ọwọ́ ìrùkẹ̀rẹ̀ àti àsíá ẹgbẹ́ la ti ní àyè láti yàn. Bí àwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ bá ṣú, má fi erùpẹ̀ tì í. Ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Láti ọ̀nà jíjìn, ojú ò ní yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ á wá dà bí aṣọ tó ti ṣá. Ìyeyè ni kí o mú síbẹ̀. Bí àwọ̀ ewé bá mọ́lẹ̀, bí èyí tí Bascom rí, erùpẹ̀ á jókòó tì í wẹ́rẹ́, ó sì dára púpọ̀ lára ohun tí a ń wò nítòsí, bí àpò èjìká. Àsíá tí wọ́n fẹ́ gbé sáàárín èrò, ìyeyè ló yẹ ẹ́. Èmi kì í fara mọ́ kí a da erùpẹ̀ àti ìyeyè pọ̀ sórí òwú kan. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ló tán lọ́wọ́ asínlẹ̀kẹ̀. Bí ọkàn bá ṣì ń ṣe iyèméjì, ẹ sín ìkọ̀ọ̀kan díẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí ẹnì kejì dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kó ka ìlẹ̀kẹ̀ náà fún yín. Èyí tó bá kà láìṣì ni kí ẹ mú.