Gbígbé 4Runner sókè níwájú ilé: íǹṣì 2 ti tó

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì, tí jíìpù àtijọ́ kan sì wà níwájú ilé, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: "Dádì, ẹ jẹ́ ká gbé mọ́tò yìí sókè." Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ara ọkọ̀ jìnnà sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti iléeṣẹ́, kó lè gba táyà tó tóbi díẹ̀, kó sì lè kọjá lórí àpáta àti nínú ẹrẹ̀ láìfi ikùn gbálẹ̀. Ẹ má tètè sọ pé rárá. Iṣẹ́ tí bàbá àtọmọ lè jọ ṣe lópin ọ̀sẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó lè pa èèyàn náà, bóyá lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóyá lójú títì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Toyota 4Runner ti 1996 sí 2002 ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀. Àwọn tó wà ní Britain á mọ̀ ọ́n sí Hilux Surf, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Japan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ̀ ń tún un ṣe kẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sílé, ẹ má tan ara yín o: ọjọ́ orí ẹ̀ ti kọjá èyí tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà ń gbà wọlé.

Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ ná. Níwájú, táyà kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì ká, ìdí wọn wà lórí lówà ààmù, nọ́ọ̀tì 3 ló sì de orí wọn mọ́ ara ọkọ̀. Lẹ́yìn ńkọ́? Ọ̀pá irin ńlá kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì dá dúró, ṣọ́ọ̀kì náà dá dúró. Torí náà ẹ̀yìn rọrùn: ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ fi èyí tó gùn jù ú lọ sí i, kẹ́ ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì tó gùn díẹ̀ tẹ̀ lé e. Iwájú ni wọ́n ti ń fi spacer, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó nípọn, sáàrin orí ṣọ́ọ̀kì àti ara ọkọ̀.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Sípíríǹgì iwájú kò jókòó sídìí táyà gan-an, bí agbedeméjì ààmù ló wà. Spacer oní-íǹṣì 1 á gbé ọkọ̀ sókè tó bí íǹṣì 2. Ẹni tó ra oní-íǹṣì 2 pé íǹṣì 2 lòun fẹ́ á bá ara ẹ̀ lókè téńté, ṣáàfù iwájú á wọ́, rọ́bà tó bo jọ́ìntì ẹ̀ á ya, gíríìsì á sì máa tú jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní íǹṣì 2 ti tó.

Kẹ́ ẹ tó náwó lórí ohunkóhun, ẹ yẹ lówà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò. Mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó. Nínú ọkọ̀ yìí, ńṣe ni ẹrù ọkọ̀ ń fa jọ́ìntì náà ya, kì í tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Tó bá ti jẹ, ọjọ́ kan ni orí ẹ̀ á yọ kúrò nínú ihò ẹ̀, táyà á ya síta, ọkọ̀ á fimú gbálẹ̀, kò sì sí sítíárìn mọ́. Ní 2005, Toyota pe àwọn kan lára ti 2001 àti 2002 padà ní Amẹ́ríkà nítorí jọ́ìntì yìí. Gíga kọ́ ló ń fà á, ṣùgbọ́n táyà ńlá á dá kún wàhálà ẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹnì kan fi irin gígùn wọ́n ọn láti ìsàlẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo jọ́ìntì náà. Tó bá mì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ojúlówó ti Toyota ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú bóòtì tuntun 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wá olówó pọ́ọ́kú níbí.

Ó di ọjọ́ iṣẹ́. Orí kọnkéré tó tẹ́jú ni, kì í ṣe orí koríko. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì di táyà ẹ̀yìn, ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ gbé iwájú sókè, kẹ́ ẹ sì gbé férémù lé ìdúró irin méjì. Jáàkì wà fún gbígbé nìkan, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rá sábẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ ti ọkọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ọmọ wọlé sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì 3 tó wà lókè, kẹ́ ẹ tú bóòtì ńlá ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó dá wà láàárín orí ṣọ́ọ̀kì, ẹ má fọwọ́ kàn án láé! Òun ló di sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá tú u, ó lè fò bí ọta ìbọn. Bí ààmù ò bá fẹ́ lọ sílẹ̀ tó, ẹ tú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yẹn sílẹ̀, ẹ ṣáà ti ń pààrọ̀ ẹ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí rọ́bà bíréèkì gbé ẹrù kankan. Bóòtì tó wà nínú rọ́bà ààmù, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó fún un gbẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà ọ̀hún á lọ́, á sì ya kíákíá.

Lẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá rọ́bà bíréèkì ti le jù. Irin kékeré kan tún wà tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sídìí fáàfù bíréèkì, òun ló ń wọn bí ẹrù ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó. Tí ara ọkọ̀ bá ga sí i, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ gbé ìdí ẹ̀ sókè tó bẹ́ ẹ ṣe gbé ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn aláíńmẹ́ǹtì ni ọkọ̀ náà máa kọ́kọ́ lọ, kó má tíì lọ síbì kankan. Ẹ rẹ iná iwájú sílẹ̀, kó má fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú. Ẹ pe iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn, torí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ ò sì sọ. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀ lórí bí ọkọ̀ ṣe lè ga tó.

Kí ọmọ sì mọ̀ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tó ń wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Jíìpù tó ga tètè máa ń dojú dé tí wọ́n bá ṣẹ́ sítíárìn lójijì lórí eré. Ẹ jókòó tì í fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ti rin bí máìlì 100, ẹ jọ padà sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú sípánà, kẹ́ ẹ yẹ gbogbo bóòtì tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn wò.