Láti Alẹkisáńdíríà dé Lọ́kọ́ja: Ìtàn Ẹ̀rọ Apín-súwîtì àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́

Ìfáárà

Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 ni ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ní àyè tirẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi páálí àti ike òfìfo ṣe ni ẹ̀rọ apín-súwîtì, èyí tí ó ń tú súwîtì kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní òkèèrè ni irú tí a ń sọ owó onírin sí. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò bá ìtàn owó tiwa mu, àti pé olùkọ́ tí ó mọ ìtàn náà ni yóò lè tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ẹ̀rọ Náà

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí Kristi, Hero ará Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ṣàpèjúwe ẹ̀rọ kan tí ń bu omi mímọ́ fún olùjọsìn. Bí owó bá bọ́ sínú rẹ̀, yóò balẹ̀ sí ìpẹ̀kun ọ̀pá kan tí a gbé kọ́ bí òṣùwọ̀n. Ìpẹ̀kun yìí yóò wálẹ̀, èkejì yóò gòkè, yóò sì ṣí ìdérí omi. Nígbà tí owó bá yọ̀ bọ́, ọ̀pá á padà sí àyè rẹ̀, omi á sì dá.

Ní ọdún 1888, ilé-iṣẹ́ Thomas Adams gbé ẹ̀rọ tí ń ta ṣíńgọ́ọ̀mù sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New York. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà. Eduard Haas bẹ̀rẹ̀ sí í ta súwîtì PEZ ní Vienna ní ọdún 1927. Ní ọdún 1949, wọ́n ṣe àpótí kékeré kan fún un tí sípíríǹgì ń ti súwîtì jáde. Ìka ọwọ́ nìkan ni ó ń fẹ́, kò béèrè owó.

Ìtàn Owó Wa

Ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè fún Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1900. Owó ẹyọ ṣì wà lọ́jà nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, onínì, ẹ́ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ tó nihò láàárín ni a ń ná, a sì lè sín wọn sókùn bí a ti ń sín owó ẹyọ. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1973. Bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i, owó onírin pòórá lọ́wọ́ ará ìlú. Báńkì àpapọ̀ tún rọ òmíràn ní ọdún 2007, títí kan náírà kan àti náírà méjì, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà á. Lónìí, òǹtajà tí kò ní ṣéńjì a máa fún oníbàárà ní súwîtì. Ohun tí ẹ̀rọ òkèèrè ń fi owó onírin tà ni ó wá di owó onírin fún wa.

Èyí Tí Ó Bá Wa Mu

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ fà. Kí ó da ojú ike tí ó kún fún súwîtì dé orí àpótí páálí. Lábẹ́ ẹnu ike, kí ó ki páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, èyí tí ó nípọn tó súwîtì kan, tí ihò rẹ̀ sì fi díẹ̀ tóbi ju súwîtì lọ. Súwîtì kan á bọ́ sínú ihò. Bí a bá fa páálí síwájú, á já bọ́ láti ojú àbájáde, ara páálí yòókù á sì dí ẹnu ike. Bí páálí bá nípọn jù, méjì á wọlé. Bí ihò bá há, kò ní í bọ́ rárá. Ooru Lọ́kọ́ja a máa mú súwîtì tí a kò wé lẹ̀ mọ́ra, etí ọ̀rá èyí tí a wé sì lè há. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fà á ní ìgbà 20, kí ó kọ iye tí ó jáde nígbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì tún un ṣe.

Ìkádìí

Hero lo owó nítorí pé owó wà lọ́wọ́ olùjọsìn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́ olùkọ́ ọ̀la láti bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyí: kí ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ yìí? Aṣọ tí a kò wọn ara ẹni kí a tó rán an, kì í báni mu.