Purotéènì Inú Ẹ̀jẹ̀ Aláboyún

Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn èròjà inú omi ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé oúnjẹ kiri ara, tí ń bá àrùn jà, tí ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Pàtàkì nínú wọn ni albumin, globulin àti fibrinogen. Ní ọdún 1937 ni Arne Tiselius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé ọ̀nà tí a fi ń fi iná mànàmáná yà wọ́n sọ́tọ̀ jáde. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún ní 1948.

Ara àwọn ènìyàn Yúróòpù ni a ti kọ́kọ́ fa òṣùwọ̀n yọ. Ní Ìbàdàn, J. C. Edozien, tí ó di Asagba ìlú Asaba ní 1991, wọn purotéènì ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà tí ara wọn le, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1957. Globulin àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábà máa ń ga ju ti Yúróòpù lọ. Ní 1961, Cohen, McGregor àti Carrington fi ìdí kan hàn ní Gambia: wọ́n fi globulin láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tọ́jú àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò ibà sì dín kù lára wọn. Ohun ìjà ara wà nínú rẹ̀.

Ti aláboyún tún yàtọ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí ọbẹ̀ tí a bomi lù, albumin a ṣàn: láti nǹkan bí 40 gíráàmù nínú lítà kan, ó lè wálẹ̀ dé 30. Fibrinogen ní tirẹ̀ ń ga sí i, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dì ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Oríṣi globulin kan ń gba inú ibi ọmọ kọjá láti dáàbò bo ọmọ. Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n ń padà sípò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; ṣùgbọ́n fibrinogen kì í wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan sì wà ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Bouaké náà, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti tẹ̀dó, tí ibà kì í sì í kásẹ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni Institut Pierre Richet ti ń ṣèwádìí lórí ẹ̀fọn tí ń tàn án kálẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ẹni tí kò lóyún ka ẹ̀jẹ̀ aláboyún, a lè pe ara líle ní àìjẹunkánú. Òdìkejì rẹ̀ léwu jù: kí a ní oyún lásán ló mú albumin wálẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti purotéènì inú ìtọ̀ ń kìlọ̀ àìsàn tí ó lè pa ìyá àti ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ìtọ̀ àti ìfúnpá wò pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀.