Ta Ló Ni Iná Inú Ààrò?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: àgbà tó bá ń fi ìmọ̀ràn ẹlòmíràn kún tirẹ̀ kò ní ṣìwà hù débi tí aráyé yóò fi máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí àgbà ni mo ṣe mú òwe yìí bọ ẹnu, kì í sì í ṣe tìtorí wèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá mi dúró nínú rẹ̀, ìyẹn “ọlọ́gbọ́n”. Òwe náà gbà pé ọgbọ́n ní ẹni tó ni ín, ó sì gbà pé èyí tí àgbà ń lò kì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, kò pè é lólè.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e nìyí: ǹjẹ́ ohun kan wà láyé tí ènìyàn fi orí ara rẹ̀ dá, tí kò tọwọ́ ẹnikẹ́ni wá? Àwọn kan á dáhùn kíá pé kò sí, pé gbogbo ohun tí à ń pè ní tuntun ló ti wà rí, wọn á sì fi “àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní” ṣáájú rẹ̀. Àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àgbà Ọ̀yọ́, kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú. Oníwàásù inú Bíbélì ni. A ti yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò pẹ́ débi pé ó ti ń bá wa jókòó sáàárín àgbà ilé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti wà lára ohun tí à ń wádìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi èdè wa léèrè. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni “dá”. Olódùmarè ni Ẹlẹ́dàá, òun ló dá wa. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí àwọn baba wa ń pa, Ọbàtálá tí ó rán níṣẹ́ kò mọ ènìyàn láti inú òfo, amọ̀ ló lò. Àgbẹ̀ ń dáko, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè níbi ìnáwó pé “Ta ló dá orin yẹn?”, ẹni tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ni wọn ó nàka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ ti ń kọ orin náà kó tó lọ́kọ. Ẹni tó gbé e sókè kí àwọn ẹlẹ́gbè tó gbè é, òun ló dá a.

Dídáná wá ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí iná bá kú mọ́jú lábẹ́ ìkòkò, ìyá àgbà mi á na àpáàdì sí mi pé kí n sáré lọ fọnná wá nílé kejì. Ìyá ibẹ̀ á fi igi wa ẹ̀yinná mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí àpáàdì náà, èmi náà á sì máa sáré bọ̀, màá máa fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà kó má baà kú. Tí mo bá dé, ìyá àgbà á kó ihá gbígbẹ lé e, á kúnlẹ̀, á dorí kodò, á máa fẹ́ ẹ. Èéfín á bò ó lójú, omi á máa dà lójú rẹ̀, títí iná yóò fi sọ lójijì. Ìgbà náà ni yóò nu ojú, tí yóò wí pé, “Mo ti dáná o.” Kò sẹ́ni tó já a nírọ́ rí. Ìyá kejì ló ni ẹ̀yinná, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá jóná, kò sẹ́ni tó jẹ́ lọ bá ìyá kejì wí.

Ohun tí èdè ń wí nìyẹn: dídá kì í ṣe yíyọ nǹkan jáde láti inú òfo. Àrà gan-an, tí í ṣe orúkọ tó dùn jù tí a ní fún ohun tuntun, kì í dá dúró. Orí nǹkan la ti ń dá a. À ń fi aṣọ dárà, à ń fi ijó dárà, à ń fi ìlù dárà. Ẹni tí kò mọ ijó jó kò lè fi ijó dárà, ariwo ẹsẹ̀ lásán ni yóò máa pa.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló wá ya ẹni tó ń dárà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́? Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ méjì tí a máa ń lò pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n: àwòkọ àti àwòkọ́ṣe. Ẹ wo àmì ohùn orí “kọ” dáadáa. Àwòkọ ni kí a wò, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣe méjì ni. Àwòkọ́ṣe ni kí a wò, kí a kọ́, kí a tó ṣe. Mẹ́ta nìyẹn, èyí tó wà láàárín ló sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Nínú àwòkọ, nǹkan gba ojú wọlé, ó gba ọwọ́ jáde, kò yà lọ́dọ̀ orí. Nínú àwòkọ́ṣe, ó yà lọ́dọ̀ orí, ó sùn níbẹ̀, ó jẹun níbẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi jáde, ó ti ń jọ onílé.

Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ kíláàsì wa kan wo àròkọ “Bàbá Mi” lára ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wò ó kọ dáadáa, kò fo àmì kan. Bàbá tirẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ di télọ̀, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì fọ́. Olùkọ́ kò nà án. Ó kàn ní kó dìde, kó wá sọ fún wa ọjọ́ tí ojú bàbá rẹ̀ fọ́ àti ohun tó fọ́ ọ. Ìyẹn ni ìjìyà àwòkọ: èèyàn á ní ohun tí kò lè dáhùn fún.

Àwọn agbẹ́gilére mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa oníwèé lọ. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti ilé agbẹ́gi wá. Ó ti mọ igi í gbẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kó tó tún lọ di ọmọ iṣẹ́ Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bándélé fúnra rẹ̀, ọmọ Aréogun ti Òsì-Ìlọrin ni. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n máa ń tọ̀ nídìí igi. Èkíní ni ọnà lílé, tí wọ́n ń gé igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi yà sọ́tọ̀. Èkejì ni àlétúnlé, tí ojú, etí àti ọwọ́ yóò ti máa jọ ara wọn. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí ara ère yóò fi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí ọ̀bẹ mímú yóò fi fa ìlà irun orí, ti ìpéǹpéjú àti ti aṣọ. Ẹni tó bá ń wò lókèèrè á ní ibo ni àrà fẹ́ gbà wọlé nínú iṣẹ́ tí a ti là sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á dá iṣẹ́ Aréogun mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ rẹ̀, á dá ti Fakeye mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀, bí a ti ń dá ohùn ojúlùmọ̀ mọ̀ nínú òkùnkùn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀. Ìrìn wọn ni kò jọra.

Ó yẹ ká tún nǹkan kan ṣe níbí. Ọ̀pọ̀ ìwé ti sọ fún wa pé àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ adúláwọ̀ kò lórúkọ, pé ìlú ló ń gbẹ́ ère, kì í ṣe ènìyàn. Orúkọ wà, àwọn tó kó ère lọ ni kò béèrè. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére kò sọnù ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n ti bí i, ó di ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ọdún 1938 ló sì kú. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì gbé ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ògògà, kí wọ́n lè gbà á.

Kí ló wà lára ilẹ̀kùn náà? Ọba wà lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń wà lára ọnà ààfin kí wọ́n tó bí Ọlọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ni àwọn alárùú gbé rù bọ̀. Òyìnbó kò sí nínú ọnà tí àwọn ará ìṣáájú fi lé e lọ́wọ́. Ọlọ́wẹ̀ wá àyè fún un, ó sì fi í sí àyè àlejò tó ń bọ̀ wá kí ọba. Lẹ́yìn náà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí àti èjìká àwọn ère fi bọ́ kúrò lára pákó, bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo èrò ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kì í ṣe tirẹ̀, ọba kì í ṣe tirẹ̀, òyìnbó kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yinná ni gbogbo ìyẹn. Òun ló fẹ́ ẹ tó fi sọ.

Orin náà kò yàtọ̀. Wọ́n máa ń wí pé Síkírù Àyìndé Barrister ló dá fújì sílẹ̀, àwọn mìíràn á sì fèsì pé wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú ààwẹ̀ ni, pé kò dá nǹkan kan. Apá méjèèjì ló fi “dá” sí ibi tí kò sí. Wéré ni ó ti wá lóòótọ́, Barrister sì bu sákárà àti àpàlà mọ́ ọn. Kódà, orúkọ náà, ara àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànù tó rí ní pápákọ̀ òfuurufú ló ti mú un. Síbẹ̀, ẹ lọ lu fújì fún ẹni tó ń sùn lásìkò sààrì, kí ẹ wò ó bóyá yóò dìde jẹun ni tàbí yóò dìde jó.

Ẹjọ́ tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Amos Tutùọlá. Nígbà tí ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ẹnu ya àwọn òǹkàwé ibẹ̀ bí ẹni pé ojú sánmà ló ti já bọ́. Nílé níbí, àwọn kan ní Fágúnwà ló wò kọ, pé ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti wà láti 1938. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ilé tí Tutùọlá ti fọnná. Àwọn ará ibí mọ ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé Fágúnwà náà fọnná wá: lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ, nínú àlọ́, nínú Bíbélì, àti nínú ìwé John Bunyan tí àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere ti yí sí Yorùbá.

Àlọ́ kan wà nínú ìwé Tutùọlá tí gbogbo wa ti gbọ́ kó tó kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkọ, ó wá tẹ̀lé ọkùnrin arẹwà kan láti ọjà. Bí wọ́n ti ń wọgbó lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹlẹ́sẹ̀, apá fún alápá, awọ fún aláwọ, títí ó fi ku agbárí nìkan. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni kí ọmọ má tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀ rí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ náà rìn káàkiri tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin náà kò tẹ̀lé e. Alápá ní apá rẹ̀, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ẹnì kan to gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ojú ọmọbìnrin náà tó ríran. Ohun tó sì kù nígbà tí ọkùnrin náà san gbogbo gbèsè tán ni orí. Orí nìkan ni kò yá.

Ẹ má sì dá a lẹ́bi nítorí yíyá. Ó san owó ọ̀yá, ó sì dá ẹrù ẹlẹ́rù padà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbà pé tirẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí oníjàálá kì í fi í ṣí ẹnu láìjúbà. Ó ń ka orúkọ àwọn tó fọnná lọ́dọ̀ wọn kó tó fẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní àdáṣe ní í hun ọmọ, ìbà kì í hun ọmọ. “Dá” inú àdáṣe kì í ṣe “dá” inú dídáná, ṣùgbọ́n etí ń gbọ́ wọn bí ìbejì, ó sì dára kí èèyàn máa yẹ̀ wọ́n wò kó tó ki ọ̀kan.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àgbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní wèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú òwe náà, a kì í sì í sábà wo wèrè yẹn. Òun náà ń kó ti ẹlòmíràn jọ: àkísà, agolo, abala bébà, ẹrù rẹ̀ kún ju ti àgbà lọ. Bó bá jẹ́ kíkó ti ọlọ́gbọ́n jọ nìkan ló ń sọ ni di àgbà, òun ni ì bá jẹ olórí ìlú. Orí tó ń to ẹrù ni kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ìyá kejì ló rán ọmọ tirẹ̀ sí wa pẹ̀lú àpáàdì. Ìyá àgbà mi wa ẹ̀yinná fún un, ó ní kó rọra máa lọ. Kò bi í bóyá iná tiwọn ti ọjọ́sí ló wá gbà padà.